Àgbádárìgì lẹ́yìn omíyalé: ẹ wá, àmọ́ kì í ṣe ní October

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkòròdú la ti ń kọ̀wé sí yín. Ọmọ sẹ́ẹ̀tì kan náà ni wá ní sẹ́kọ́ńdírì, obìnrin ló pọ̀ jù nínú wa, àtọdún tó kọjá la ti ń dáwó pé a máa wá Àgbádárìgì ní October 1, ká sùn mọ́jú, ká rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ yẹn, ká wọkọ̀ ojú omi lọ síbi tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú lọ. Àfi bí wọ́n ṣe fi fídíò ránṣẹ́ sí wa pé omi ti wọlé àwọn tó ń gbé etí omi lọ́dọ̀ yín. Àwọn kan ní ká má wàá mọ́, pé a ò lè máa lọ ya fọ́tò nílé ọ̀fọ̀. Àwọn kan ní ká wá, ká kó ìrẹsì àti aṣọ dání fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni ká ṣe? Ẹnì kan tún wà nínú wa tí orókún ń dùn, ṣé ó lè wọkọ̀ ojú omi?

Ìdáhùn: Ẹ̀yin àbúrò mi ní Ìkòròdú, ẹ kú owó dídá, torí kí ọmọ sẹ́ẹ̀tì dáwó fún odindi ọdún kan kí owó ọ̀hún ṣì wà lọ́wọ́ akápò, kì í ṣe eré. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kọ́kàn yín lè balẹ̀: ẹ wá. Ẹ má dá owó ẹnikẹ́ni padà. Ọjọ́ tẹ́ ẹ mú yẹn nìkan ni ò dáa, October 1 ò dáa rárá, ẹ sún un di ìparí November tàbí kẹ́ ẹ kúkú jẹ́ kí ọdún yí, kó di January.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ rèé. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òjò tó rọ̀ lé wa lórí níbí ló ń fa omíyalé, pé tí òjò bá ti dá, omi náà ti lọ nìyẹn. Ẹ̀yin ará Ìkòròdú sì yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ bi àwọn tó ń gbé Ajégúnlẹ̀ àti Májídùn, oòrùn á máa ràn, ojú ọ̀run á mọ́ kedere, omi á sì máa gun ilé bọ̀ torí pé wọ́n ti tú omi sílẹ̀ ní dáàmù Ọ̀yán lókè lọ́hùn-ún, Odò Ògùn ló gbé e wá bá wọn. Tiwa náà ò yàtọ̀ púpọ̀, odò tó ń gbé e wá ló yàtọ̀. Odò Yewa ń ti ìpínlẹ̀ Ògùn ṣàn wá sínú ọ̀sà wa. Èyí tó tún wá lágbára jù ni odò Ouémé ní ilẹ̀ Benin, òun ló ń kún ọ̀sà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ọ̀sà Àjàṣẹ́ àti ọ̀sà Àgbádárìgì sì so pọ̀ mọ́ra wọn, àwọn òyìnbó fi ìlà pín ilẹ̀ fún wa àmọ́ omi ò ka ìlà yẹn sí. Òjò tó bá rọ̀ sókè lọ́hùn-ún ní August àti September, ìparí September wọ October ló ń dé ọ̀dọ̀ wa, ó sì máa ń bá òjò tiwa alára lójú ọ̀nà, torí òjò tiwa máa ń sinmi díẹ̀ nínú August, á tún wá padà ní September. Ẹ wá ń mú October 1. Ìgbà tí omi ń gùn gan-an lẹ fẹ́ wá jókòó tì í yẹn.

Tó bá wá gùn tán, kì í yára fà. Ẹ ṣí máàpù lórí fóònù yín kẹ́ ẹ wò ó: ọ̀sà wa nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun, yanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló là wọ́n láàárín, ẹ̀ ń gbọ́ ìró òkun, àmọ́ ọ̀sà ò rí ojú ọ̀nà já sínú ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ó di kí omi náà rìn lọ sí ìlà oòrùn títí dé Èkó kó tó rí ẹnu òkun, tàbí kó gba apá Kútọnu. Ó dà bí ilé oníyàrá púpọ̀ tó jẹ́ pé ilẹ̀kùn méjì péré ló ní, téèyàn inú ẹ̀ bá pọ̀, wọ́n á jáde lóòótọ́, àmọ́ ẹ máa dúró. Nítorí náà bẹ́ ẹ bá gbọ́ pé òjò ti dá ní Àgbádárìgì, ẹ má tíì di ẹrù. Ẹ fún omi náà ní nǹkan bí oṣù kan sí i.

Àmì kan wà tó ń dá mi lójú ju ohun tí rédíò bá sọ lọ, koríko orí omi ni, èyí tó ní òdòdó àwọ̀ àlùkò yẹn, tó máa ń bo gbogbo ojú ọ̀sà tí ọkọ̀ ò fi ní rí ọ̀nà gbà. Ọ̀dọ̀ wa níbí ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní Nàìjíríà, 1984, ó ti Benin wọlé gba ọ̀sà Àgbádárìgì, àtìgbà yẹn ló ti di wàhálà gbogbo ìpínlẹ̀ Èkó tó fi dé àwọn odò tó jìnnà. Koríko yìí ò fẹ́ràn iyọ̀. Omi tútù tó ti òkè wá ló ń gbé e wá, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá wá mú tí omi iyọ̀ ti Èkó rìn wọnú ọ̀sà, á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, á pọ́n, á kú dànù. Kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ ní kí ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ níbí ya fọ́tò ojú omi lẹ́bùúté lọ́jọ́ yẹn kó fi ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù. Tí koríko bá ṣì tò bẹẹrẹ tó ń dán, omi òkè ṣì ń bọ̀ nìyẹn, ẹ ṣì jókòó sílé. Tó bá ti gbẹ tó kù ṣẹ́kúṣẹ́kú, ẹ lè máa bọ̀.

Fídíò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ tún un wò dáadáa. Ṣé omi tó dákẹ́ ni, tó rọra wọlé títí dé orúnkún èèyàn, àbí ìgbì funfun tó ń já ilẹ̀ gbé? Wọn kì í ṣe nǹkan kan náà, àwọn tó ń fi fídíò ránṣẹ́ kì í sì í yà wọ́n sọ́tọ̀. Ti ọ̀sà máa ń fà, ó máa fi ẹrẹ̀ àti òórùn àti ẹ̀fọn sílẹ̀, àwọn onílé á gbá a jáde, wọ́n á kun ògiri, ayé á máa lọ. Ti òkun ni nǹkan míì. Òkun wa gbalasa ni, kò sí erékùṣù tó dí ìgbì lójú ọ̀nà, ìgbì tó ti ọ̀nà jíjìn gan-an wá ní ìsàlẹ̀ Àtìláńtíìkì ló ń wá já lé wa lórí, láti June títí wọ September ló sì ń le jù. Ó ń wú igi àgbọn tigbòǹgbò tigbòǹgbò. Ilẹ̀ tí òkun bá gbé, ẹ má bi mí ìgbà tó máa dá a padà. Ẹ wo Ayétòrò ní Ìlàjẹ, ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìlú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947 tí gbogbo ayé ń sáré lọ wò nígbà kan, òkun ṣì ń jẹ ẹ́ títí di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá dé etí òkun lọ́dọ̀ wa tẹ́ ẹ rí igi tó dùbúlẹ̀ tàbí ìpìlẹ̀ ilé tó yọ síta, ẹ má sọ fáwọn tó ń gbé ibẹ̀ pé gbogbo ẹ̀ máa padà bọ̀ sípò. Wọ́n mọ̀ pé kò ní padà bọ̀.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ilé ọ̀fọ̀. Mo gbọ́ ohun táwọn kan nínú yín ń sọ, ojú àánú ni wọ́n fi ń wò ó, mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká béèrè pé kí ni omi ń bà jẹ́ fún ará etí omi gan-an. Ó ń ya àwọ̀n, ó ń fọ́ ààrò táwọn ìyá fi ń yan ẹja, igi ìdáná á tutù, ọkọ̀ á já lọ lóru. Ìyẹn máa ń gbà wọ́n tó ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n á tún un ṣe, iṣẹ́ tí wọ́n bí wọn bá ni. Èyí tí kì í tètè tán ni pé àlejò ò wá mọ́. Fídíò ọjọ́ kan á rìn káàkiri fún oṣù mẹ́fà, omi ti lọ, ilẹ̀ ti gbẹ, ẹni tó ń wakọ̀ lọ sí Gberefu, òdìkejì ọ̀sà níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú lọ, jókòó sórí ọkọ̀ ẹ̀ láti àárọ̀, ìyá tó ń ta àgbọn ń lé eṣinṣin, gáìdì ń tẹ fóònù, torí pé gbogbo àwọn bíi tiyín ti fi àánú jókòó sí Ìkòròdú. Irú àánú wo nìyẹn?

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan náà. Ìlú etíkun kékeré kan wà ní New Zealand tí wọ́n ń pè ní Kaikōura, ẹja àbùùbùtán làwọn àlejò ń lọ wò níbẹ̀. Ní òru November 14, 2016, ilẹ̀ mì, agbára ẹ̀ tó 7.8, èèyàn méjì kú, òkè ya lulẹ̀ dí títì, ó dí ojú irin, ọkọ̀ àwọn ológun ojú omi ló wá kó àwọn àlejò tó há síbẹ̀. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun gan-an gbéra sókè, tí omi bá ti fà, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń lọ wo àbùùbùtán kì í rí omi tó nínú ẹbúté, ó di kí wọ́n gbẹ́ ibẹ̀ kó tún jìn. Títì tó gba apá àríwá, December 15, 2017 ni wọ́n tó ṣí i padà, ó lé lọ́dún kan. Ẹja wà nínú òkun, ọkọ̀ wà, awakọ̀ wà, ọ̀nà táwọn oníbàárà máa gbà wá ni ò sí. Tiwa burú ju ìyẹn lọ lọ́nà kan, torí pé ọ̀nà tiwa ṣí sílẹ̀, èèyàn ló fúnra ẹ̀ pinnu pé òun ò wá.

Àmọ́ mi ò ní kẹ́ ẹ máa sáré wọ̀lú táwọn èèyàn ṣì ń gbọ́n omi lọ́wọ́ o. Ẹ rántí Lahaina ní Hawaii, ìlú ẹbúté tó rẹwà, iná jó o ní August 2023, èèyàn tó lé ní 100 kú. Nígbà tó di October ọdún yẹn ìjọba ní kí àlejò máa padà bọ̀ sí agbègbè yẹn, ni ìjà bá dé, àwọn kan ní ẹ ṣì ń sáré, a ò tíì sunkún tán, àwọn kan ní táwọn ò bá ríṣẹ́ ṣe kí làwọn fẹ́ jẹ. Àwọn méjèèjì ló jàre. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kẹ́ ẹ bi ará ibẹ̀ ní tààrà, ẹ pe òtẹ́ẹ̀lì, ẹ pe gáìdì, ẹ ní ṣé ẹ ti ráyè gba àlejò báyìí. Wọ́n á sọ òótọ́ fún yín. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ dúró, ẹ dúró.

Ìrẹsì àti aṣọ ńkọ́? Aṣọ, ẹ fi sílé. Mo mọ̀ pé ẹ máa bínú sí mi, àmọ́ aṣọ tí wọ́n ń kó wá fáwọn tí omi bá jà, ìdajì ẹ̀ ló jẹ́ èyí tí ẹni tó kó o wá fúnra ẹ̀ ò ní wọ̀ dé ọjà. Ìrẹsì sàn ju aṣọ lọ, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ ń bu ìrẹsì fún èèyàn, ìjà lẹ máa dá sílẹ̀, ẹni tó lágbára ló máa gbà á, ẹni tí omi wọlé ẹ̀ gan-an á wà nílé tó ń fọ ẹrẹ̀. Tó bá jẹ́ dandan kẹ́ ẹ ṣe nǹkan, ẹ kó owó wá, kẹ́ ẹ ra ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fún wọn lọ́jà wa níbí, Agbalata tóbi, kò sí ohun tẹ́ ẹ máa wá tì níbẹ̀, kí owó náà kọ́kọ́ dé ọwọ́ ìyá ọlọ́jà kan ní Àgbádárìgì kí ọjà tó dé ọwọ́ ẹni tó nílò ẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, kẹ́míkà tí wọ́n ń dà sí kànga, ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé torí ìwé ni omi máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́, nǹkan báwọ̀nyí ló wúlò. Ẹ kó o fún olórí àdúgbò tàbí ilé ìwé, kẹ́ ẹ má dúró ya fọ́tò bẹ́ ẹ ṣe ń fún wọn. Èyí tó tún dáa ju gbogbo ẹ̀ lọ, ẹ jẹun lọ́dọ̀ wọn, ẹ ra ẹja yíyan, ẹ ra òróró àgbọn, ẹ san owó gáìdì pé, kẹ́ ẹ má nájà títí ẹ ó fi gba oúnjẹ ọmọ ẹlẹ́ja lẹ́nu ẹ̀. Ẹ mú owó dání o, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìyá ẹlẹ́ja kì í ṣe nǹkan téèyàn lè gbẹ́kẹ̀ lé.

Lórí ọ̀rọ̀ ìrẹsì yìí kan náà, ohun kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn. Ọ̀nà ẹnu ibodè Sẹ̀mẹ̀ ni ọ̀nà wa, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù pọ̀ lójú títì, láti 2016 ni ìjọba sì ti fòfin de ìrẹsì ilẹ̀ òkèèrè tó bá gba orí ilẹ̀ wọlé. Kí ẹnikẹ́ni nínú yín má sọ pé ìrẹsì ń pọ́kú níbí kó wá gbé àpò kan sẹ́yìn bọ́ọ̀sì padà sílé. Wọ́n á dá yín dúró, wọ́n á gbé e, ẹ ó sì jókòó sójú títì nínú oòrùn nítorí àpò ìrẹsì kan. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ dání náà, kálukú.

Ní ti ọ̀nà, ẹ tètè kúrò nílé, kí ilẹ̀ tó mọ́ tó bá ṣeé ṣe. Títì Èkó sí Àgbádárìgì ti sàn ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, àmọ́ àtìgbà tí wọ́n ti ń fẹ̀ ẹ́, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá, ẹ sì lè pàdé ibi tí wọ́n ṣì ń ṣe. Tí ẹ ò bá háyà bọ́ọ̀sì, ẹ wọ BRT dé CMS, kẹ́ ẹ bọ́ sínú reluwé aláwọ̀ búlúù ní Marina dé Mile 2, ó ti ń gbé èrò láti September 2023, ó gbà yín lọ́wọ́ gosiló Orílé àti Mile 2, láti ibẹ̀ ẹ lè wá wọ bọ́ọ̀sì Àgbádárìgì. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ pọ̀ tẹ́ ẹ tún ní ẹrù, bọ́ọ̀sì tara yín ló máa rọ̀ yín lọ́rùn.

Tẹ́ ẹ bá dé, inú ìlú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rìn, ẹ má sáré lọ wọkọ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn wà ní Marina ti Àgbádárìgì níbí, ó dojú kọ ọ̀sà, àwọn míṣọ́nnárì ìjọ CMS (Church Missionary Society) ló kọ́ ọ, 1842 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ ẹ̀ lélẹ̀, 1845 ni wọ́n parí ẹ̀, ó ṣì dúró. Ẹ gun òkè, ẹ dúró lójú fèrèsé kẹ́ ẹ wo omi. Ìrántí igi Àgíà náà kò jìnnà, lábẹ́ igi yẹn ni wọ́n ti wàásù ìhìnrere ní 1842, igi fúnra ẹ̀ wó ní 1959. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ lọ sí ilé Sèríkí Williams Abass, èmi kì í fẹ́ kí àlejò sáré jáde níbẹ̀. Yàrá kéékèèké tí wọ́n ń há ẹrú mọ́ wà níbẹ̀, kò sí fèrèsé gidi, ẹ wọlé kí gáìdì ti ilẹ̀kùn díẹ̀ kẹ́ ẹ rí i. Ohun tó máa ń jẹ́ kí n dákẹ́ níbẹ̀ ni pé Sèríkí yìí gan-an, ọmọ Ìjògà Orílẹ̀ ni, wọ́n ti kó òun náà lẹ́rú ní kékeré rí, òun ló wá di ẹni tó ń ta èèyàn. Ẹ tún dé ọjà Vlekete àti ilé Mobee níbi tí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà. Àwọn gáìdì máa pe iye ẹrú tí wọ́n kó lọ fún yín, iye yẹn kì í dọ́gba láti ẹnu gáìdì kan sí ìkejì, ẹ má bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti gbọ́ ọ, ìgbà yẹn lẹ ó mọ gáìdì tó kàwé. Mùsíọ́ọ̀mù ìjọba tó wà nínú ọ́fíìsì àtijọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1863, ẹ má fò ó.

Fọ́tò: ilé àti omi, ẹ yà á bó ṣe wù yín. Èèyàn, ẹ béèrè. Ilé tí omi bà jẹ́, ẹ má yà á rárá àfi tí onílé bá fúnra ẹ̀ pè yín pé ẹ wá wò ó, àwọn kan máa pè yín lóòótọ́, wọ́n fẹ́ kí wọ́n rí i. Ní ojúbọ, ohun tí gáìdì bá sọ ni kẹ́ ẹ ṣe. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ lóru pé Zangbeto ti jáde, inú òtẹ́ẹ̀lì ni kẹ́ ẹ jókòó, àwọn Ògù ló ni ìlú, ọlọ́dẹ wọn ni, kò wá tiyín.

Ọkọ̀ ojú omi wá ku. Láti ẹbúté sí Gberefu kò jìnnà, òdìkejì ọ̀sà ni, ẹ̀ ń wò ó. Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ torí pé atẹ́gùn ọ̀sán máa ń ru omi sókè, àmọ́ tó bá jẹ́ December sí January tí ọyẹ́ dé, kùrukùru máa ń bo ojú omi láàárọ̀ kùtùkùtù, ẹ jẹ́ kó ká kúrò ná. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì, LASWA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ojú omi ní Èkó, sọ ọ́ di dandan, kì í ṣe pé kó wà lábẹ́ ìjókòó o, kó wà lára, kó sì jẹ́ èyí tí okùn ẹ̀ ṣeé so, ẹ fà á wò kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́. Tí wọ́n bá ń kó èrò jù, ẹ bọ́ọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ yẹn lọ. Àlọ àti àbọ̀ ni kẹ́ ẹ dúnàádúrà pa pọ̀ kẹ́ ẹ tó gbéra, kí ọ̀rọ̀ má yí padà lódìkejì. Ó sì gbọ́dọ̀ ti gbé yín padà dé kílẹ̀ tó ṣú, a kì í rìn lójú omi lóru, tí omi bá sì ti kún lọ́dún yẹn, kùkùté àti igi tó ṣàn wá máa ń fara pamọ́ sábẹ́ omi, awakọ̀ ò ní rí i.

Tẹ́ ẹ bá ti débẹ̀, yanrìn lẹ máa rìn kọjá títí dé etí òkun, ẹ ó yà níbi kànga tí wọ́n ní wọ́n ń fún àwọn ẹrú mu kí wọ́n gbàgbé ilé, lẹ́yìn náà ẹ ó dé ibi àmì tí wọ́n fi sí ibi tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú lọ, òkun wà níwájú. Ẹ wò ó, ẹ má wọ inú ẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín lè lúwẹ̀ẹ́, ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ọ̀sà Ìkòròdú tó wá rò pé òkun Àgbádárìgì jọ ọ́, ó ń tan ara ẹ̀ jẹ ni. Omi ibẹ̀ máa ń fa èèyàn lẹ́sẹ̀ lọ sí àárín, ibi tó bá dà bíi pé ìgbì ò sí níbẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló ń fà jù.

Omi mímu, ọ̀rá tàbí ike tí wọ́n dì pa ni, ẹ má fẹnu kan omi kànga lọ́dún tí omi bá wọlé, torí omi ilé ìyàgbẹ́ àti omi kànga ti pàdé, ẹ ò tíì gbàgbé kọ́lẹ́rà tó jà ní Èkó ní 2024. Ẹ bi òtẹ́ẹ̀lì bóyá omi dé ibi bọ́hóòlù wọn. Ẹ ra ORS díẹ̀, ìyẹn ìyẹ̀fun tí wọ́n ń pò mọ́ omi mu tí ìgbẹ́ gbuuru bá ń ṣeni, oògùn ẹ̀fọn, bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, torí ejò náà máa ń sá omi wá sórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Ẹni tí orókún ń dùn yẹn, kó wá. Gbogbo inú ìlú lèèyàn lè fi kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nìkan ló ní àtẹ̀gùn, kó jókòó sísàlẹ̀ de àwọn yòókù. Ọkọ̀ náà ò ṣòro, wíwọlé àti bíbọ́ọ́lẹ̀ ni iṣẹ́ wà, ẹ sọ fún awakọ̀ tẹ́lẹ̀ kó fẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ti ẹbúté dáadáa, kí ọkùnrin méjì dì í mú lápá, kó sì jókòó sẹ́yìn ní apá ibi ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe níwájú, iwájú ló máa ń fò jù tí ìgbì bá gbá a. Yanrìn Gberefu ló máa le fún un, ó rọ̀, ẹsẹ̀ máa ń rì. Bẹ́ ẹ bá rí ọ̀kadà lódìkejì, kó gùn ún. Tí ẹ ò bá rí, kí ẹnì kan dúró tì í níbi tí ọkọ̀ gúnlẹ̀ sí, ìyá kan sábà máa ń ta àgbọn lábẹ́ igi níbẹ̀, ẹ ra fún àwọn méjèèjì kẹ́ ẹ tó lọ.